Ẹsẹ̀ Tí Jahura Fi Ń Dúró

Ó ti sú Jahura. Kì í ṣe ìrora ló sú u jù, orin ni. Ọ̀sẹ̀ méje rèé tí wọ́n ti fi irin so egungun itan òsì rẹ̀ pọ̀ ní ọsibítù ìlú Rangpur, láràárọ̀ sì ni Tahmina, ọmọbìnrin tó ń fi orin tọ́jú aláìsàn, ń gbé fóònù ka iwájú rẹ̀. Á ní kí Màmá di ọ̀pá irin méjì tó wà lọ́tùn-ún lósì wọn mú, kí wọ́n dìde, kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ òsì tẹlẹ̀ bí ìlù bá ti ń dún. Orin atukọ̀ ni o, orin ìgbéyàwó ni o, kò sí èyí tí kò gbé wá. Jahura á gbọ́ ọ, á sunkún díẹ̀, á tún jókòó.

Ẹ̀rù ló ń bà á. Ìró tí egungun yẹn dá lọ́jọ́ tí ẹrẹ̀ àgbàlá yọ̀ ọ́ ṣubú kò tíì kúrò létí rẹ̀. Dókítà ní egungun ti jinná. Jahura ní ẹnu dókítà kọ́ lòun máa fi dúró.

Bẹ́ẹ̀ Mofazzal ọmọ rẹ̀ ti sọ tirẹ̀: bí ìyá òun ò bá lè dúró lórí ẹsẹ̀ náà tó bá fi di Sátidé, Dhaka tó jẹ́ olú ìlú lòun ń gbé e lọ, sí yàrá kan ní àjà karùn-ún, wọn á sì ti ilé abúlé pa. Jahura mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé tí wọ́n bá lè gbé òun gun àtẹ̀gùn yẹn, òkú òun ni wọ́n máa gbé sọ̀kalẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, Sokhina, ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀, wọ bọ́ọ̀sì wá kí i. Ọgbọ̀n ọdún làwọn méjèèjì fi jọ tẹ dẹ́kì, igi gígùn tí wọ́n fi ń gún ìrẹsì. Obìnrin méjì á dúró sídìí rẹ̀, wọ́n á jọ fi ẹsẹ̀ kan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n á jọ jù ú sílẹ̀, orin ni kì í sì í jẹ́ kí ọ̀kan yára ju èkejì lọ. Nígbà tí Tahmina gbọ́ èyí, ó bẹ Sokhina pé kó dákun kọ orin náà.

“Ìyáálé mi, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká gún un,” ni Sokhina wí. “Àbí èmi nìkan ni kí n máa dá a tẹ̀? Ọ̀lẹ yín ti ń pọ̀ jù.”

Jahura ní ohùn Sokhina ti ha, ṣùgbọ́n ó rọra dìde.

Orin bẹ̀rẹ̀. Tahmina lóṣòó, ó tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ òsì, ẹsẹ̀ náà ò mira rárá. Ẹsẹ̀ ọ̀tún, èyí tí nǹkan kan ò ṣe, ló ń lọ sókè, tó ń bọ̀ nílẹ̀. Ojú ọmọbìnrin náà rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní wọ́n tún ti ṣì í, ẹsẹ̀ tó dá ṣáká ni wọ́n ń lò, kí Sokhina dúró ná.

Sokhina já orin sílẹ̀ díẹ̀. “Ọmọ mi, ọ̀tún ni ìyáálé mi fi ń tẹ dẹ́kì látọjọ́ tí wọ́n ti délé ọkọ. Òsì ni wọ́n fi ń dúró. Wò ó dáadáa.”

Tahmina wò ó. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wà lókè. Odindi Jahura wà lórí ẹsẹ̀ òsì, ọwọ́ rẹ̀ ò sì ju kó kan irin lásán lọ.

Jahura náà gbọ́. Ó bojú wolẹ̀, ẹsẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, òógùn bò ó.

“Sokhina, ó ti rẹ̀ mí,” ló wí. “Má dákẹ́.”

Sokhina ò dákẹ́, títí ohùn fi tán lọ́nà ọ̀fun rẹ̀.

Nígbà tí Mofazzal dé ní Sátidé, ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì Dhaka méjì. Sokhina ti padà sílé, Tahmina ò tíì dé. Jahura ò bá ọmọ rẹ̀ jiyàn, ó ti rẹ̀ ẹ́ jùyẹn lọ. Ó kàn dìde sáàárín irin méjèèjì, ó ń dá kọ orin tí ẹni méjì máa ń kọ. Ó kọ tirẹ̀, ó kọ ti Sokhina, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń lọ, ó ń bọ̀, òsì ń gbọ̀n ṣùgbọ́n kò yẹ̀. Ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà títí orin fi parí. Ó wá béèrè aago tí bọ́ọ̀sì abúlé máa ń gbéra.