Ẹjọ́ Ewùrà ní Ẹ̀yìnkùlé Tíṣà

Ní Òkè-Ìlá, ní Adó-Èkìtì, nígbà tí mọ́tò ṣì ń kọjá tí tọmọdé tàgbà ń sáré jáde wò ó, kò sí ẹni tí kò mọ iyán Àyọ̀kẹ́. Opó ni, ọmọ Ìjan-Èkìtì ni, ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ Olúmúyìwá tó jẹ́ tíṣà ló sì ń gbé. Ohun méjì ló fi ń yangàn láyé: ọmọ rẹ̀ tó mọ̀wé, àti iyán rẹ̀ tí kì í ní kókó. Ẹni tó bá sì fara balẹ̀ wò ó yóò rí i pé iyán ló máa ń kọ́kọ́ dárúkọ.

Ní èṣí, Olúmúyìwá gbé Folúkẹ́ níyàwó, ọmọ Ìjẹ̀bú. Àyọ̀kẹ́ kò rí àléébù lára ọmọ náà. Ó mọ èèyàn kí, ó mọ ilé í gbá, kì í sì í dáhùn lórí ìdúró. Ewùrà nìkan ló kó bá wọn. Nínú ẹrù tí ìyàwó kó wá, lábẹ́ aṣọ àti àwo, ni ìyá rẹ̀ ti kó ewùrà tí yóò gbìn sí. Kó tó pẹ́, Folúkẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ebè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, ní ẹ̀yìnkùlé tó jẹ́ pé iṣu funfun Àyọ̀kẹ́ nìkan ló ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀.

“Usu tí kò ṣe é gún,” ni Àyọ̀kẹ́ wí, “kí ni wọ́n ń pè é ní usu fún?”

Folúkẹ́ kúnlẹ̀. “Ìyá, ewùrà kì í bá ilẹ̀ jà. Ilẹ̀ tó ti ṣá, tí iṣu funfun kò fẹ́, ewùrà á ta níbẹ̀, á sì tóbi. Ó tún máa ń pẹ́ nílé kó tó bàjẹ́.”

“Ohun tí kò dùn ló ń pẹ́ nílé.”

Wọ́n pe Olúmúyìwá pé kó bá wọn dá sí i. Ó ní agogo ilé-ìwé ti lù. Ọjọ́ Sátidé ni ọjọ́ náà.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, Folúkẹ́ wa ewùrà rẹ̀. Òmíràn fẹ̀ bí àga ìjókòó. Ó tò wọ́n sórí àjà, wọ́n ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, òun àti ọkọ rẹ̀, Àyọ̀kẹ́ kò sì fi ẹnu kàn án. Òjò tún bẹ̀rẹ̀, ìyàwó tún gbìn, lọ́tẹ̀ yìí ó gbìn ín dé ìdajì ilẹ̀. Ewùrà kò mọ ààlà. Ìtàkùn rẹ̀ gun ọgbà, ó kúrò lórí ọgbà, ó bọ́ sórí igi tí Àyọ̀kẹ́ rì fún iṣu tirẹ̀, ewé rẹ̀ sì bo iṣu ìyá ọkọ mọ́lẹ̀ pátápátá.

Inú bí Àyọ̀kẹ́, àmọ́ ẹ̀rù bà á ju bí inú ti bí i lọ. Kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Bí ìyàwó bá gba ẹ̀yìnkùlé lónìí, ìdáná ni yóò gbà lọ́la. Nílé ọmọ ẹni, ìyá tí kì í bọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, àlejò ni. Ó wá ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Akínbọ́lá, olórí ẹbí wọn ní Ìjan, pé bí ìlú bá ti jẹ iṣu tuntun tán, kó wá gbọ́ ẹjọ́ ewùrà kan nílé òun, kó sì pàṣẹ kí ìyàwó hú u kúrò tìtàkùn tìtàkùn.

Ẹni tó jẹ́ iṣẹ́ náà fi iyọ̀ sí i. Ọdún iṣu kò tí ì dé tí Akínbọ́lá fi sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì tó kó ẹrù wá sí Adó, òógùn bò ó, ọ̀pá rẹ̀ lọ́wọ́.

“Ta ló kú?” ló kọ́kọ́ béèrè.

“Ẹnikẹ́ni kò kú, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Lọ gún uyán rẹ yẹn wá ná. Láti ulé ni mo ti ń ronú rẹ̀ bọ̀.”

Àyọ̀kẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wọnú ilé, ẹ̀rín sì kú sí i lẹ́nu. Iṣu èṣí tó kù sí igun yàrá ti hù, ó ti rọ̀ pọ̀jọ̀pọ̀jọ̀, inú rẹ̀ ti dúdú. Ọjà Ọba kò ní í ná títí di ọ̀túnla. Bí ó bá sì ní kóun yá lọ́dọ̀ aládùúgbò, ohun tó ń ṣe é ló ń ṣe àwọn náà. Ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó sún ìtàkùn ewùrà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi ọwọ́ họ ìdí ebè rẹ̀ kan. Iṣu tuntun ti wà níbẹ̀, funfun, ó ń wò ó. Ṣùgbọ́n Ọba kò tí ì jẹ iṣu. Ọmọ ìjọ ni Àyọ̀kẹ́, kì í bọ nǹkan kan, síbẹ̀ kò sí ẹni tó gbọ́njú ní ìlú náà, ìbáà ṣe ọmọ ìjọ, tí yóò fi ọ̀bẹ kan iṣu tuntun ṣáájú ọdún, kí wọ́n wá máa fi ilé rẹ̀ ṣe àpèjúwe. Ó da iyẹ̀pẹ̀ padà.

Nígbà tó wọlé, ojú rẹ̀ lọ sókè àjà. Ewùrà èṣí wà níbẹ̀, ó le gbọin, bí ẹni pé àná ni wọ́n wà á.

Folúkẹ́ ti lọ sí odò. Àyọ̀kẹ́ rò ó lọ, rò ó bọ̀. Gbogbo ayé ló ní ewùrà kò ṣe é gún, àmọ́ ta ló gún un tí kò gún? Àwọn Ìjẹ̀bú ni. Kí ni Ìjẹ̀bú mọ̀ nípa ọmọ odó? Òun ti gún ọ̀gẹ̀dẹ̀ rí, òun ti gún kókò, wọ́n sì di iyán lójú òun. Ó gbé ọ̀kan sílẹ̀, ó bẹ ẹ́, ó sè é, ó kó o sínú odó, ó sì ká apá aṣọ rẹ̀.

Iyán gidi, bí a bá ń gún un, ó máa ń dì mọ́ra, á sì máa fa ọmọ odó. Èyí ń tú ni. Bí Àyọ̀kẹ́ ti ń gún un tó ni ó ń tẹ́ tó, ó ń ta sí i lójú, ó ń ta sí i láyà. Ó yára gún un, kò dì. Ó rọra gún un, kò dì. Ó fi ìka kan án, ó ń yọ̀ bí ọṣẹ.

Ibẹ̀ ni Folúkẹ́ bá a pẹ̀lú ìkòkò omi lórí. Ó ti gbọ́ dídún odó láti ọ̀nà, ó sì ti mọ̀ pé iṣu kọ́ ló ń dún bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín dé ọ̀fun rẹ̀. Ó gbé e mì.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá.”

Àyọ̀kẹ́ kò lè wo ojú rẹ̀. Láti yàrá ni Akínbọ́lá ti ń béèrè bóyá wọ́n lọ sí Ìjan lọ gún iyán ọ̀hún ni.

“Ìyàwó,” ni Àyọ̀kẹ́ wí jẹ́jẹ́, “jọ̀ọ́, kí la ó ṣe?” Láti ọjọ́ tó ti ń dáná fún èèyàn, kò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè yẹn rí.

“Ó ku ọ̀kan lájà, Ìyá. Ẹ bá mi fẹ́ná.”

Àyọ̀kẹ́ ń fẹ́ná. Folúkẹ́ mú páánù tó fi ìṣó lu, ó rin ewùrà sórí rẹ̀ kíákíá, ó ń fi ọwọ́ bù ú sínú ọbẹ̀ tó ń hó, ata, epo àti ẹja gbígbẹ. Ó bò ó, ó sì jẹ́ kó jinná kó tó fi ìgbákọ rò ó pọ̀. Òórùn rẹ̀ kúrò ní ìdáná, ó bọ́ sí yàrá, Akínbọ́lá kò sì béèrè nǹkan kan mọ́.

Nígbà tí wọ́n gbé e síwájú rẹ̀, ó wò ó. “Uyán dà?”

Kí Àyọ̀kẹ́ tó la ẹnu, Folúkẹ́ ti kúnlẹ̀. “Ìkọ́kọrẹ́ ni, Bàbá. Ìyá ní àwọn fẹ́ fi oúnjẹ mìíràn ṣe yín lálejò lónìí.”

Bàbá tọ́ ọ wò. Ó tún tọ́ ọ wò. Ó wá ń jẹ ẹ́ títí ó fi ń fi ìka nu inú àwo.

“Àyọ̀kẹ́,” ló wí, “èmi tí mo ti ń jẹun lọ́wọ́ rẹ láti kékeré rẹ, ìwọ lo sì ń fi irú èyí pa mọ́ fún mi? Kò sí obìnrin tó mọ oúnjẹ sè tó ọ.”

Folúkẹ́ dorí kodò, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Àyọ̀kẹ́ wò ó. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ọmọ yìí ì bá sọ, òun ì bá sì tẹ́ lójú ẹ̀gbọ́n òun. Ó ti rí òun nídìí odó, pẹ̀lú ewùrà lójú, pẹ̀lú ewùrà láyà, ó sì gbé gbogbo iyì náà fún òun. Àyà Àyọ̀kẹ́ rọ̀ wọ̀ọ̀, omi sì lé ròrò sí i lójú.

“Èmi kọ́ ni mo sè é,” ló wí. “Folúkẹ́ ni. Ewùrà rẹ̀ ni. Èmi ti kọ́kọ́ jí ọ̀kan gún, ó wà nínú odó níta, ẹ lè lọ wò ó kí ẹ fi mí rẹ́rìn-ín.”

Akínbọ́lá lọ wò ó lóòótọ́. Ẹ̀rín pa á débi pé ògiri ló fara tì padà wọlé. Nígbà tó jókòó, ó nu ojú, ó sì rántí ohun tó gbé e wá.

“Àyọ̀kẹ́, wọ́n ní ẹjọ́ ewùrà lo pè mí sí. Èwo ni ẹjọ́ náà?” Ó wo àwo tó ti ṣófo. “Àbí ẹlẹ́jọ́ ni mo jẹ tán yìí?”

Folúkẹ́ gbé orí sókè. Òun kò mọ̀ pé ẹjọ́ kankan wà.

Àyọ̀kẹ́ sún lórí ẹní, ó fa ìyàwó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀.

“Kò sí ẹjọ́,” ló wí. “Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ló kéré fún wa, èmi àti ìyàwó mi. Mo pè yín kí ẹ wá bá wa wá ilẹ̀ kún un ni.”