Omijé Oníbúrẹ́dì

Láràárọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ọ̀gá oníbúrẹ́dì àdúgbò wa á dúró sẹ́yìn fèrèsé gíláàsì ńlá tó kọjú sí títì, á bu ìyẹ̀fun kún ọwọ́, á sì dà á sókè bí ẹni tó ń súre fún gbogbo ayé. Ìyẹ̀fun á máa rọ̀ sílẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sórí tábìlì, sórí fìlà funfun, sórí irùngbọ̀n tó fi òróró kùn. Kò ní pẹ́ tí ojú rẹ̀ á pọ́n, tí omijé á bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Kò ní nù ún. Á kọ ẹ̀gbẹ́ ojú tó dára jù sí àwa tí a tò síta, á gbé ọwọ́ lé àyà.

"Ẹ wo ọkùnrin yìí," ni ìyá aránṣọ á wí. "Ó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ débi pé ó ń sunkún."

Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Asunkún-Ṣebúrẹ́dì nìyẹn. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó kọ ọ́ sára ògiri.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sunkún kọ́ ló ń ṣe búrẹ́dì. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá rẹ̀, ló ń po ìyẹ̀fun lórí tábìlì ọ̀hún. Bó bá gbá èyí tó pò mọ́ tábìlì, gíláàsì á gbọ̀n. Bàbá wọn ló fi tábìlì náà lé e lọ́wọ́ kó tó kú. Bàbá yẹn náà, ikọ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ó ń bọ̀. Nílé wọn, "ikọ́ ọ̀gá" ni wọ́n ń pè é, wọ́n a sì máa dìde fún un.

Ikọ́ fée ni àbúrò yìí ní, kò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìyẹ̀fun tó bá ń fò kiri ni ara rẹ̀ ò gbà. Bí ẹ̀gbọ́n bá ti da tirẹ̀ sókè, àyà àbúrò á máa fọn bíi fèrè. Á yọ inhélà, ike búlúù kékeré tí wọ́n ń fi sẹ́nu fa oògùn sáyà, á fà á, á fa ìbòmú rẹ̀ padà sókè, á sì máa pò ó lọ.

Ìjà dé lọ́jọ́ tí àwọn tẹlifíṣọ̀n ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá ya ṣọ́ọ̀bù náà. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, àwa tí a tò sì ń gbọ́. A ò kúkú dití.

"Lọ́la, ìdí kàǹtà ni kó o wà," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Ìyàwó mi ló máa dúró sídìí tábìlì."

"Ìyàwó yín mọ ìyẹ̀fun pò ni?"

"Kámẹ́rà máa tọ́ ìyẹ̀fun wò ni? Kó ṣáà máa fọwọ́ pa á lára. Wo ara ẹ, o dé ìbòmú bí ẹni tó fẹ́ la aláìsàn nínú, o tún ń fa ike lẹ́nu níwájú oníbàárà. Wọ́n á ní búrẹ́dì wa ló ń fa ikọ́."

"Búrẹ́dì kọ́, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yin ni. Ẹ̀yin àti ìyẹ̀fun tí ẹ̀ ń dà sókè."

"Ohun tí ayé fi mọ̀ mí nìyẹn!"

"Ẹ jẹ́ kí ayé fi nǹkan míì mọ̀ yín."

"Ó dáa. Láti ọ̀la lọ, ìdí kàǹtà lo máa wà títí. Mo ti sọ ọ́."

Obìnrin náà ò pariwo. "Èémí tí mo ní ò tó èyí tí màá fi jà," ó ní, "torí náà ẹ gbọ́ mi lẹ́ẹ̀kan. Bàbá ló fún mi ní tábìlì yìí. Mi ò kúrò ńbẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, ìlà gùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àwọn ènìyàn wọ aṣọ òde wá ra búrẹ́dì. Ẹlòmíì ra ọ̀kan tán, ó tún padà wá tò. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n fi máa dé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, tí èkánná ìyàwó náà ń dán yanran, àbúrò ti wà nídìí tábìlì tipẹ́. Inhélà rẹ̀ ò sí nínú àpò mọ́. Ojú fèrèsé ló gbé e sí, láàárín búrẹ́dì méjì, níbi tí iná kámẹ́rà ti ń tàn sí i.

Kámẹ́rà ti ń yà. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, eyín lórí eyín. Ìbínú jẹ́ kó fi ọwọ́ méjèèjì bu ìyẹ̀fun, ó sì dà á sókè.

Àbúrò dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ó nu ọwọ́, ó mú inhélà, ó mì í, ó kọjú sí kámẹ́rà, ó sì fà á láìkánjú. Ó ká apá mọ́ àyà.

"Bí ìyẹ̀fun bá balẹ̀, màá pò ó," ó ní. "Bí ẹ bá tún dà á, màá tún dúró."

Ayàwòrán tẹlifíṣọ̀n yára kọjú sí ọ̀gá. "Ọ̀gá, kí ni omijé yìí túmọ̀ sí?"

"Ìfẹ́ iṣẹ́..." Ó sín. "Ìfẹ́..." Ó tún sín, fìlà fò lọ. Ojú wú, àyà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọn, ohùn kan náà pẹ̀lú ti àbúrò, bí ọmọ ìyá ṣe ń jọra.

"Bó ṣe máa ń ṣe nílé nìyẹn," ni ìyàwó wí, tó gbàgbé pé kámẹ́rà ń gbọ́, "tó bá ti gbọn aṣọ iṣẹ́ rẹ̀!"

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni àbúrò wí, "ìfẹ́ iṣẹ́ kì í sín."

"Ẹ mú obìnrin yìí kúrò níbẹ̀!" ọ̀gá fi agbára káká sọ. "Aláìsàn ni!"

Ìgbà yẹn ni dírẹ́bà kan nínú ìlà yọ ike búlúù tirẹ̀, ó fi kan gíláàsì. "Aláìsàn bíi tèmi, àbí?" Ìyá aránṣọ gbé oògùn ojú sókè: "Eruku aṣọ rèé o." Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì sọ pé ìwé àtijọ́ ló ń mú òun sín, òun sì ti ń parọ́ fún ìyàwó òun pé ìrònú jíjinlẹ̀ ni.

"Ìlú wo ni a ò sí?" ni nọ́ọ̀sì kan wí, ó ń nu imú. "Tí wọ́n bá ní kí gbogbo àgbàlagbà tí àyà wọn ń fọn láyé yìí tò, ìlà yẹn á yí ayé po."

Àbúrò gbé àga fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jìnnà sí ìyẹ̀fun, ó mú un jókòó gbọnrangandan, ó fi aṣọ tútù nù ún lójú. "Ẹ rọra mí." Nígbà tí èémí rẹ̀ rọlẹ̀, ó bi í: "Tábìlì ńkọ́?"

"Tìẹ ni."

"Ìyẹ̀fun dídà ńkọ́?"

Ọ̀gá wò ó bóyá kámẹ́rà ṣì ń yà. Ó ń yà. Ó kọ ẹ̀gbẹ́ ojú tó dára sí i. "Mo ti pinnu fúnra mi," ó ní, "láti fi í sílẹ̀ nítorí ìlera aráàlú."

Ó ń dé ìbòmú báyìí. Ìyá aránṣọ fi òwú aláwọ̀ wúrà kọ Asunkún-Ṣebúrẹ́dì sí i níwájú. Kì í sunkún mọ́. Àwọn kan ń ráhùn pé láti ìgbà náà ni iyọ̀ ti dínkù nínú búrẹ́dì.

Inhélà ṣì wà lójú fèrèsé. Lánàá, ìyáàfin kan tó wọ ìbọ̀wọ́ kan gíláàsì kó-kó-kó. "Ẹ gbé nǹkan yẹn kúrò, ó ń ba ojú búrẹ́dì jẹ́."

Àbúrò fa ìbòmú wálẹ̀. "Ojú yín ni kí ẹ gbé kúrò, mà. Èmi ò gbé e."

Ó gbá ìyẹ̀fun mọ́ tábìlì. Gíláàsì gbọ̀n.