Ọkọ̀ Òkú Tó Ń Fi Ẹ̀yìn Rìn

"Ọkọ̀ òkú ń fi ẹ̀yìn rìn!" Àǹtí Dorothy pariwo. "Lékè, kí lo ṣe fún mi yìí?"

Lékè wo ojú kọ̀ǹpútà. Lóòótọ́ ni. Ọkọ̀ dúdú tó yà ń sá kúrò ní itẹ́ òkú, ìdí ló fi ń wọ́ lọ sílé.

Láti àárọ̀ ni Lékè ò ti lè jókòó jẹ́ẹ́. Bí Festus oníṣòwò pósí bá gba ìpolówó yìí, Àǹtí Dorothy, ọ̀gá Lékè, á gbà á síṣẹ́ tó bá parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Bí kò bá gbà á, ó di Ìjẹ̀bú, ó di ṣọ́ọ̀bù sìmẹ́ǹtì bàbá ẹ̀.

Kò sí kámẹ́rà nínú ẹ̀rọ tí Lékè fi ń ya àwòrán tó ń rìn, tó lè tẹ̀ lé mọ́tò. Ẹ̀tàn ni gbogbo ẹ̀. Ọkọ̀ á dúró sójú kan, èèyàn á wá máa fa àwòrán ìlú kọjá lẹ́yìn ẹ̀: òpó iná á yára, òkè á máa wọ́ bọ̀. Lékè tiẹ̀ ya kòtò sójú títì, kí wọ́n lè mọ̀ pé Enugu ni. Àmọ́ ó ti fa ìlú síwájú dípò ẹ̀yìn, ló bá dà bí ẹni pé mọ́tò ń fi ẹ̀yìn rìn.

"Ẹ má bínú, mà. Òdìkejì ni mo fà á sí."

"Ṣé aṣọ ni Enugu ni, tó o kàn ń fà á kiri? Òkú wo lo rí tó ń padà wálé?"

Lékè fẹ́ sọ pé bóyá òkú náà gbàgbé bàtà ẹ̀ ni. Ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn wọn. Festus ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, fìlà lọ́wọ́. Ọmọ Enugu ni, àmọ́ Yorùbá dán lẹ́nu ẹ̀. Ọmọ Ìbàdàn ló fẹ́.

"Sà, àṣìṣe ni." Lékè sáré na ọwọ́ sí máòsì. "Ẹ jẹ́ n yí i..."

"Fi sílẹ̀," Festus sọ.

Òpó iná kọjá, òkè kọjá, ilé kan yọ. Ọkọ̀ náà fi ìdí kan ilẹ̀kùn, ó dúró.

"Mọ́tò mi tó o yà yẹn ló gbé Moríyọ̀ ìyàwó mi lọ sí itẹ́ òkú lóṣù tó kọjá," Festus sọ. "Èmi fúnra mi ni mo wà á."

Lékè gbé àwàdà bàtà mì.

"Èyí tó bá ń lọ síwájú, ẹ fi sórí tẹlifíṣàn. Mo gbà á." Festus fa àga, ó jókòó. "Èyí tó ń padà wálé yìí, tún un fi hàn mí."

Lékè dá ìlú padà sí itẹ́ òkú. Kò jẹ́ kí ẹ̀rọ fà á fúnra ẹ̀ mọ́. Ọwọ́ ló fi ń fà á, díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó dé ibi kòtò tó yà, ó dẹ ọwọ́, bí awakọ̀ tó mọ̀ pé ẹnì kan ń sùn lẹ́yìn.