Aṣọ Ẹnu Ilẹ̀kùn

…kò sí iná. Ohun tí mo ń rò nìyẹn. Iná ló yẹ kó kọ́kọ́ dé, mo ti di ojú, mo ti là á, mo tún ti dì í, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Òkùnkùn lásán. Òkùnkùn tí mo fi kọ́tìnnì dá fúnra mi, torí ìta ṣì mọ́lẹ̀, oòrùn ọ̀sán ṣì ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé bí okùn funfun.

Jẹ́ kí n tò ó. Tí mo bá tò ó dáadáa, ẹ̀rù ò ní bà mí.

Túúlu mi, ẹ̀fọ́rí tó máa ń mú mi, ní ọ̀nà tó máa ń gbà wá. Ó ti pẹ́ tó ti ń bá mi fínra, débi pé a ti sọ ọ́ lórúkọ nínú ilé yìí: Àlejò. Àlejò á kọ́kọ́ tan iná. Iná kékeré bí ojú abẹ́rẹ́ ní igun ojú mi, tí á máa fẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí etí rẹ̀ á rí wọ́kọwọ̀kọ bí eyín ayùn ọkọ mi. Lẹ́yìn náà, ètè mi á máa ṣe mí bíi pé èèrà ń rìn lórí rẹ̀, jẹ́jẹ́, láìkánjú. Lẹ́yìn náà, ẹ̀gbẹ́ orí kan á bẹ̀rẹ̀ sí í lù bí òòlù. Lẹ́yìn náà èébì. Lẹ́yìn náà oorun. Tí mo bá jí, ó ti lọ, ebi á sì máa pa mí bí ẹni tó ti oko dé. Kì í yí i padà. Ọkọ mi, káfíńtà tí kì í parí iṣẹ́ lọ́jọ́ tó dá, máa ń sọ pé, "Àlejò tìrẹ yìí, ó ń tẹ̀lé ètò jù mí lọ."

Lónìí…

Ṣíbí. Ìyẹn ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Rárá. Pínnì ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀.

Mo ń fi pínnì mú ọrùn aṣọ funfun tí mo ń rán fún ìyàwó tíṣà wọlé lára rẹ̀. Mo kó pínnì sí àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún bí mo ṣe máa ń ṣe. Ni mo rí ẹ̀jẹ̀ lórí aṣọ náà. Mo ń wò kiri, mo ń wá ẹni tó fara pa… èmi ni. Mo ti di ọwọ́ mọ́ pínnì, wọ́n ti wọlé sí mi lára, mi ò mọ̀. Ọwọ́ náà kàn wà níbẹ̀ bí ohun tí oníbàárà gbàgbé sílẹ̀. Kò sí èèrà kankan. Kò rìn wá. Ọwọ́ náà kàn kú, bí ìgbà tí ènìyàn pa iná yàrá.

Mo yíjú sí ọmọ mi obìnrin, Aláròyé, kó bá mi mú àlùmọ́gàjí. Mo mọ̀ ọ́n. Mo ń wò ó lórí tábìlì. Mo la ẹnu: "Bá mi mú ṣíbí yẹn."

"Ìyá aránṣọ! Ṣíbí lẹ fẹ́ fi gé aṣọ mi? Ẹ jọ̀ọ́ o, ẹ má bù mí jẹ!"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rín in. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan ló bá mi rín in. Mo rí i nínú dígí, mo sì sọ fún ara mi pé dígí ló wọ́. Dígí ò wọ́. Èmi ni mo gbé e kọ́, téèpù ni mo fi wọ̀n ọ́n kó lè gún régé…

Ni mo bá wọlé. Mo fi aṣọ tútù kọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn níta. Ọwọ́ òsì ni mo fi kọ́ ọ.

Òfin Màmá ni aṣọ yẹn. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni Àlejò kọ́kọ́ ń wá kó tó yà sọ́dọ̀ mi. "Tí ẹ bá ti rí aṣọ lẹ́nu ilẹ̀kùn, kí ẹnikẹ́ni má kàn án, kí ẹnikẹ́ni má pè mí. Mo máa fẹsẹ̀ ara mi jáde." A sì gbọ́ràn. Kódà ọkọ mi tí kì í ṣe ọmọ Màmá ti kọ́ òfin náà. Mo ń gbọ́ ọ níta báyìí, ó ti gbé ayùn kalẹ̀. "Aláròyé, pa ẹnu mọ́. Àlejò ìyá ẹ ti dé." Ó ń yọ́ rìn bí olè nínú ilé ara rẹ̀, nítorí mi.

Ṣé kí n pè é?

Kí n wá sọ pé kí ni? Orí ò tiẹ̀ fọ́ mi tó bẹ́ẹ̀. Ta ló máa ń pariwo torí orí tí kò fọ́?

Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn yẹn. Èyí tó máa ń sọ̀rọ̀ bíi pé gbogbo wa dití. "Ẹ gbọ́ mi dáadáa, mà. Túúlu tó bá wá bó ṣe máa ń wá, ẹ lo oògùn yín, ẹ sùn. Èyí tó bá gba ọ̀nà mìíràn wá, tí ọwọ́ kú, tí ẹnu wọ́, tí ọ̀rọ̀ dàrú, tí ojú ò ríran, tàbí tí orí kàn ṣàdédé fọ́ bíi pé wọ́n la igi mọ́ ọn, ẹ má sùn o! Ẹ má ní ẹ fẹ́ wò ó bóyá á rọlẹ̀. Kí wọ́n gbé yín wá lójú ẹsẹ̀. Tó bá wá jẹ́ túúlu náà ni, a jọ máa rẹ́rìn-ín."

Mo ní ẹ ṣeun. Àwọn ẹlòmíràn ni mo rò pé ó ń bá wí. Èmi ti mọ Àlejò mi.

Bóyá òun náà ni. Bóyá ó kàn pààrọ̀ ìrìn. Kí n sùn díẹ̀ ná, tí mo bá jí…

Bàtà.

Kí ló gbé bàtà wá sí mi lọ́kàn?

Bàtà Màmá. Èmi ni mò ń tọ́jú ìtàn ilé yìí. Ẹni tó ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ohun tí Bàbá sọ nígbà tí wọ́n bí ìbejì, èmi ni wọ́n máa ń bi. Ìtàn bàtà ni wọ́n sì fẹ́ràn jù. Bí Màmá ṣe jókòó lórí àga lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, tó ní, "Ẹ bu bàtà fún mi." Bí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣe bọ́ tirẹ̀, tó kúnlẹ̀, tó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un: "Ẹ gbà, Màmá, ó tutù dáadáa." Bí òun náà ṣe rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ó fi aṣọ kọ́ ẹnu ilẹ̀kùn, ó wọlé, a dákẹ́. A dákẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo sì máa ń parí rẹ̀ báyìí: "Ìyá wa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ kó tó lọ."

Mi ò fo nǹkan kan rí nínú rẹ̀. Mo máa ń sọ pé kọ́ọ̀pù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo máa ń sọ pé ẹ̀rín náà wọ́. Mo tiẹ̀ máa ń sín in jẹ kí àwọn ọmọ lè rẹ́rìn-ín. Mo máa ń sọ pé abọ́ tí a gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀ fún èébì, gbígbẹ la bá a. Bí ẹ̀yẹ ni mo ṣe ń sọ ọ́. Pé ìyá wa mọ́ tónítóní títí dópin.

Gbígbẹ.

Mo yí ojú. Abọ́ tèmi wà lórí àpótí, abọ́ irin, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Màmá ò ṣe yẹ̀yẹ́. Omi ló fẹ́ mu.

Àlejò ò wá lọ́jọ́ yẹn. Nǹkan mìíràn ló wọlé… a sì dákẹ́ fún un.

Mo la ẹnu kí n pe ọkọ mi. Ohun tó jáde kì í ṣe orúkọ ẹnikẹ́ni, kò sì dé ibi ilẹ̀kùn. Níta, kò sí ẹni tó mira. Aṣọ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Wọ́n ń gbọ́ràn.

Ọwọ́ òsì mi ṣì jẹ́ tèmi. Mo nà án sí abọ́ náà kí n tì í ṣubú. Irin ni. Sìmẹ́ǹtì ni ilẹ̀.

Jẹ́ kó dún.