Ìlà Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Táíyé

"Ṣé èmi lẹ fẹ́ sin lọ́la?"

Ohùn Ìyá Kẹ́hìndé kò lọ sókè rárá. Ó dúró síwájú bánà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ta sára ògiri ilé wọn ní Oǹdó, ó ń wo ojú obìnrin tó wà níbẹ̀. Rufus, ọmọ olóògbé, wo bánà, ó wo ìyá, ó sì yíjú sí Adépéjú tó ṣe bánà náà, tó sì gbé e wá láti Àkúrẹ́.

Adépéjú kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Nígbà tó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá, tó tún wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ara bánà, ó rí i pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ìbejì ni Táíyé tó kú àti Kẹ́hìndé tó dúró yìí. Wọ́n jọra débi pé bàbá wọn ní kí wọ́n kọ ìlà kan ṣoṣo sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì Táíyé, kí wọ́n má baà máa bọ́ ọmọ kan lẹ́ẹ̀mejì. Ìlà yẹn ni àwọn èèyàn fi ń dá wọn mọ̀ fún ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Ta ni ìbá sọ fún Adépéjú?

Fáìlì tí Rufus fi ránṣẹ́ kì í ṣe fọ́tò. Ẹnì kan ló fi kọ̀ǹpútà ya ojú ìyá rẹ̀, irú àwòrán tí èèyàn lè fẹ̀ tó ilé tí kò ní di bàìbàì. Ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ ṣí i níbi tí wọ́n ti ń tún fọ́tò ṣe, kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ bi ọ́ bó ṣe máa tóbi tó. Èyí tó o bá sọ, abẹ gé e: bí o bá tún fà á tóbi lẹ́yìn náà, á di bàìbàì. Láàárọ̀ àná, kò sí iná láti ìjẹta, epo jẹnẹrétọ̀ ń tán lọ, ó sì ti rẹ Adépéjú dé eegun. Ó ṣí i ní ìwọ̀n ìwé ètò ìsìn tó kọ́kọ́ ń ṣe, ó wá fa kékeré yẹn náà títí ó fi tó bánà. Ojú àwòrán di bàìbàì, ìlà ẹ̀rẹ̀kẹ́ di àbàwọ́n. Bí gbogbo oníbàárà sì ṣe máa ń fẹ́ kí ojú òkú wọn dán, ó nù ún kúrò.

Ní báyìí, ó lè sọ pé bí wọ́n ṣe fi ránṣẹ́ nìyẹn. Àárẹ̀ ò jẹ́ kó lè purọ́.

"Ìyá, ẹ má bínú. Èmi ni mo pa á rẹ́."

Rufus ká bánà náà kíá. Adépéjú jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó pe fáìlì àkọ́kọ́ padà. Lọ́tẹ̀ yìí, ìwọ̀n bánà gan-an ló kọ sí i kó tó ṣí i. Ẹ̀rọ náà rò ó títí. Ojú Táíyé wá yọ kedere, ìlà rẹ̀ gùn láti abẹ́ ojú dé ẹ̀bá ẹnu.

Ìyá Kẹ́hìndé fi ìka kàn án. "Òun nìyẹn," ló wí, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

"Ṣé kí n tún ibì kan ṣe, Ìyá?"

"Má fọwọ́ kàn án mọ́. Láti ọjọ́ tó ti lọ ni mo ti ń rí i nínú dígí. Kò ní ìlà níbẹ̀."

Adépéjú tọ́jú iṣẹ́ náà pamọ́. Ó ṣì máa wọkọ̀ padà sí Àkúrẹ́ lọ tẹ òmíràn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ibi tó ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́ ló ti wá yé e pé láti ọ̀la lọ, tí wọ́n bá ti sin Táíyé, ẹnikẹ́ni ò ní wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá yìí mọ́ kó tó pè é lórúkọ.