Ilé Tí Wọn Kì í Ti í Kí Èèyàn

Ẹni tó bá ń wá ilé-ìkàwé Ìgbẹ̀ìn l'Ábẹ́òkúta lè rìn kọjá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó mọ̀ pé òun ni. Ilé ilẹ̀ kékeré kan ni, páànù rẹ̀ ti dípẹtà, méjì nínú fèrèsé rẹ̀ kò sì ṣeé tì mọ́. Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò ló kọ́ ọ láyé ìgbà tí owó ṣì ń jẹ́ owó, wọ́n ní kí ìjọba bá àwọn fi òṣìṣẹ́ àti ìwé sí i. Ìwé dé, òṣìṣẹ́ dé, owó oṣù òṣìṣẹ́ náà sì ń wọlé, bó tilẹ̀ máa ń pẹ́ lọ́nà. Owó àtúnṣe nìkan ni kò mọ̀nà Ìgbẹ̀ìn. Láti bí ọdún mẹ́fà, bí òjò bá ṣe ń rọ̀ níta ló ṣe ń rọ̀ nínú ilé.

Tẹjúmádé ni òṣìṣẹ́ náà. Ọmọ olùkọ́ ìjọ Áńgílíkà ni, ó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún, kò ga, kò sanra, ṣùgbọ́n tó bá gba òkè awò ojú rẹ̀ wo èèyàn, onítọ̀hún á rántí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ tó ti dá láti kékeré. Òfin kan ṣoṣo ló fi ń ṣàkóso ilé náà: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ níbẹ̀, títí kan ìkíni. Ó ní bí èèyàn bá fún ọmọ Ẹ̀gbá láyè kó kíni, kò ní í dúró lórí ẹ káàárọ̀. Á bèèrè ilé, á bèèrè ọ̀nà, á bèèrè ọmọ tó wà ní ìlú òyìnbó, ilẹ̀ á sì ṣú. Ta ló fẹ́ bá a jiyàn?

Àwọn tó ń wá síbẹ̀ ti gba òfin náà gbọ́ bí ẹni gba ìgbàgbọ́. Àwọn ọmọ tó ń múra ìdánwò jáàmù wà níbẹ̀ lójoojúmọ́. Mùtíù télọ̀ máa ń wá ka ìwé ìròyìn kó tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àfúsá, nọ́ọ̀sì tó ní ọmọ mẹ́ta nílé, máa ń yà síbẹ̀ láti ibi iṣẹ́ wá kàwé fún ìdánwò ìgbéga, nítorí pé tó bá fi lè wọlé pẹ́nrẹ́n, ìwé ti parí nìyẹn. Gbogbo wọn á wọlé ní jẹ́jẹ́, wọ́n á fa àga láìjẹ́ kó dún, wọ́n á sì bojú wo ìwé.

Ní ọjọ́ Ajé kan, Tẹjúmádé kọ̀yìn sẹ́nu ọ̀nà, ó ń to ìwé. Ó gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn tó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé." Kó tó wẹ̀yìn wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ó ti fi ìka kan ètè, ó ti ṣe "ṣìì". Nígbà tó máa wò ó, Bàbá Olúbọ̀dé ló rí, alága ẹgbẹ́ onílé, ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin, tó dúró nínú agbádá funfun rẹ̀. Èèyàn mẹ́sàn-án ló wà nínú ilé náà, kò sì sí ẹni tó gbójú sókè nínú wọn. Bàbá wò wọ́n láti ọ̀tún dé òsì. Ó yí padà, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kò bá dùn ún tó bẹ́ẹ̀ ká ní kì í ṣe ọ̀sẹ̀ yẹn ló bọ́ sí. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹgbẹ́ fẹ́ pinnu ohun tí wọn ó fi owó àjọ ọdún náà ṣe. Àwọn kan ní kí wọ́n fi tún òrùlé ilé-ìkàwé ṣe. Àwọn kan ní kí wọ́n kó ìwé kúrò, kí wọ́n sọ ibẹ̀ di ibi tí wọn ó máa kó àga àti kánópì tí wọ́n ń rẹ́ǹtì fún èèyàn sí. Ibi tí Bàbá bá tẹ̀ sí ni ìpàdé máa tẹ̀ sí, ó sì ti wá fojú ara rẹ̀ wò ó kó lè mọ ohun tó máa sọ. Kí a tó wí, kí a tó fọ̀, gbogbo Ìgbẹ̀ìn ti gbọ́ pé Bàbá ní ilé tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ pé kó rí àgbà kó ṣe bí ẹni rí ògiri, kò tó ohun tí èèyàn ń fi páànù tuntun bò.

Àyà Tẹjúmádé já. Kì í ṣe nítorí iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n á kàn gbé e lọ sí ọ́fíìsì mìíràn ni. Àfúsá ló ń rò. Ibo ni Àfúsá máa ti kàwé?

Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kì í tóbi títí ká fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu náà la ó fi sọ ọ́. Ní ọjọ́ kejì, ó bẹ Mùtíù pé kó sin òun lọ sọ́dọ̀ Bàbá, nítorí pé Mùtíù ló ń rán aṣọ fún un, Bàbá sì fẹ́ràn ẹni tó mọ ìwọ̀n ọrùn òun. Tẹjúmádé kúnlẹ̀ ní pálọ̀, ó ṣàlàyé, ó bẹ̀bẹ̀. Mùtíù bá a bẹ̀ ẹ́ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Bàbá ní kí Tẹjúmádé dìde.

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń lọ ṣiṣẹ́ l'Ékòó láti inú ilé yìí," ó ní. "Aago mẹ́rin ìdájí ni mo ń jáde, òkùnkùn ni mo fi ń wọlé. Lọ́hùn-ún, mo lè wà lọ́fíìsì láti àárọ̀ kí ẹnikẹ́ni má bèèrè bóyá mo jí dáadáa. Ohun tí mo fi ń tu ara mi nínú ni pé lọ́jọ́ tí mo bá fẹ̀yìntì, ẹni tó mọ̀ mí á máa kí mi. Mo wá dé ilé tèmi, ìwọ sì ní kí n pa ẹnu mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Tẹjúmádé lára. Láti ọdún tó ti ń pa èèyàn lẹ́nu mọ́, kò rò ó rí pé ó lè dun ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ẹ forí jì mí, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jókòó pẹ̀lú wa lọ́jọ́bọ̀. A ó kí yín." Bàbá ní òun á wá.

Tẹjúmádé kì í ṣe nǹkan ní ìlàjì. Lọ́jọ́rú, ó sọ fún gbogbo àwọn òǹkàwé pé láti ọ̀la lọ, ẹni tó bá wọlé gbọ́dọ̀ kí gbogbo ilé dáadáa, kí gbogbo ilé sì dá a lóhùn. Inú àwọn ọmọ jáàmù dùn bí ẹni tí wọ́n fún ní họ́lídè.

Bàbá dé lọ́jọ́bọ̀ ní aago mẹ́sàn-án. Àga dún gàràgàrà, àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, àwọn obìnrin kúnlẹ̀, ẹ káàárọ̀ sà gba gbogbo ilé kan. Inú Bàbá dùn dé ẹ̀yìn. Ó jókòó, ó ní òun ò kúkú lè ká ọwọ́ gbera, ó bá nawọ́ mú ìwé kan tó sún mọ́ ọn. Ìwé lórí oyin sísìn ni. Ó bọ́ sí i gan-an, torí pé oyin ti gba àjà ahéré rẹ̀ ní ọ̀nà Pápálántò láti oṣù méjì sẹ́yìn, ó sì ti ra oògùn tó fẹ́ fi pa wọ́n sílẹ̀. Ní ojú ewé kìíní, ìwé náà ní kò yẹ kí ẹnikẹ́ni pa oyin. Bàbá sún awò ojú rẹ̀ sókè.

Ni Mùtíù bá wọlé. Ó kí wọn kú ìkàwé, ó kí wọn kú ìjókòó, ó kí wọn kú ooru. Bàbá dáhùn. Ó padà sínú ìwé, ó wá ibi tó kà dé. Àfúsá wọlé, ó kúnlẹ̀, ó bèèrè Màmá, ìyàwó Bàbá, ó bèèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n. Bàbá dáhùn. Ọmọ jáàmù kan jáde lọ tọ̀, nígbà tó padà dé, ó tún bẹ̀rẹ̀ látòkè, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ náà sì dá a lóhùn bí ẹni tó ti ìrìn àjò dé. Títí aago mẹ́wàá fi lù, Bàbá kò tíì kúrò ní ojú ewé kẹta, níbi tí wọ́n ti fẹ́ sọ bí èèyàn ṣe ń mú olorì oyin. Ìgbà mẹ́rin ló ti bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn yẹn. Ó ti ń fi "hẹ̀n" lásán dá èèyàn lóhùn.

Nígbà náà ni Pa Theophilus yọ lẹ́nu ọ̀nà, akọ̀wé ẹgbẹ́, tó fi ọdún márùn-ún ju Bàbá lọ, tí ohùn rẹ̀ kò nílò ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní ṣọ́ọ̀ṣì. "Ẹ kú ilé o," ó ní, "ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, alága, ṣé àlàáfíà lẹ wà, àwọn ọmọ Èkó ńkọ́..."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́," ni Bàbá wí láìgbójú sókè, "mò ń kàwé."

Mùtíù fi ìwé ìròyìn bo ojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Tẹjúmádé sáré bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì bí ẹni tó ń wá nǹkan tó jábọ́, torí ẹ̀rín ti fẹ́ pa á. Pa Theophilus kò mọ ohun tó lè ṣe mọ́ ju kó jókòó, kó mú ìwé ìròyìn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òun náà ti rì sínú rẹ̀.

Kò sí ẹni tó tún kí ẹnikẹ́ni mọ́. Wákàtí méjì kọjá báyẹn. Lẹ́yìn náà, òjò dé.

Ẹ̀kán àkọ́kọ́ bọ́ sórí àwòrán ilé oyin. Bàbá pa ìwé dé, ó fi agbádá bò ó bí ẹni tó ń fi aṣọ bo ọmọ. Nígbà tó máa gbójú sókè, gbogbo wọn ti dìde. Wọn kò sọ̀rọ̀. Àwọn kan ń da tápólì bo ìwé, àwọn kan ń gbé tábìlì lọ sí ìhà ibi tí kì í jò, oníkálukú mọ ipò tirẹ̀. Àfúsá mú igun kan tábìlì Bàbá, Mùtíù mú òmíràn, ọmọ jáàmù kan mú ìkẹta. Igun kan ṣẹ́ kù. Bàbá wo igun yẹn, ó ká apá agbádá, ó gbé e.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Tẹjúmádé jókòó sẹ́yìn pátápátá níbi ìpàdé. Ẹni tó fẹ́ ibi tí wọn ó kó kánópì sí sọ tirẹ̀, ó sì sọ ọ́ dáadáa, àwọn èèyàn ń mi orí. Bàbá wá dìde.

"Mo ní wọn ò kí mi," ó ní. "Wọ́n kí mi lọ́jọ́bọ̀ títí mi ò fi lè ka ojú ewé mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n fi mí sílẹ̀. Mo jókòó fún wákàtí méjì láàárín ará àdúgbò mi, kò sẹ́ni tó tọrọ nǹkan lọ́wọ́ mi, kò sẹ́ni tó fẹ́ ta nǹkan fún mi, kò sẹ́ni tó ń sá fún mi. Nígbà tí òjò dé, wọ́n fi igun tábìlì kan sílẹ̀ fún mi, bí ẹni pé wọ́n ti mọ̀ pé n ó gbé e. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ̀yìntì, wọn ò kí mi dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí."

Ó ní kí wọ́n tún òrùlé náà ṣe, kí wọ́n sì máa yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún un lọ́dọọdún, torí ohun tí èèyàn bá kọ́ kò yẹ kó sọ ọ́ di ọmọ òrukàn. Ní ti ìkíni, kí wọ́n kí ara wọn tẹ́rùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí wọ́n tó wọlé. Pa Theophilus ló kọ́kọ́ nawọ́ sókè pé òun fara mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n ka ọwọ́ tán, omi ń bọ́ lójú Tẹjúmádé, kò sì nù ún.

Ní ọjọ́ Ajé, káfíńtà mẹ́rin gun òrùlé. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń lu ìṣó mọ́ páànù, wọ́n ń pariwo bèèrè igi lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n ń kọrin, kò sí ẹni tó lè ka ìlà kan nínú gbogbo ilé. Tẹjúmádé gbé àga rẹ̀ sí àárín gbùngbùn, sábẹ́ ibi tí ariwo náà ti pọ̀ jù, ó jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, ó ń rẹ́rìn-ín.