Iná Ọkọ̀ Clarrie Pengelly

Clarrie Pengelly gbà pé kò sí ẹni tí àwọn ará Mallee, agbègbè oko kan ní Australia, fẹ́ràn tó òun. Láti ìgbà tó ti gbé àpótí irin ńlá sẹ́yìn ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù rẹ̀, tó kó irinṣẹ́ àti wáyà ọgbà kún un, kò sí ọkọ̀ tó pàdé rẹ̀ nírọ̀lẹ́ tí kì í ṣẹ́jú iná sí i. Òun náà á ṣẹ́jú tirẹ̀ padà, á gbé ìka kan sókè lórí sítíárì, á sì máa rẹ́rìn-ín lọ.

Avis ìyàwó rẹ̀ ló gbọ́ òdodo ọ̀rọ̀, níbi tí wọ́n ti ń mu tíì lẹ́yìn ìsìn. Trevor Nitschke, tí oko tirẹ̀ pààlà mọ́ tiwọn, sọ fún un pé iná Clarrie ti fọ́ òun lójú títí òun fi ya wọnú oko àlìkámà.

"Bàbá, wọn ò kí ọ o," ni Avis wí nígbà tó délé. "Wọ́n ń bú ọ ni."

Clarrie ní ìlara ló ń da Trevor láàmú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, ó wa ọkọ̀ lọ kojú ògiri abà tí wọ́n ti ń rẹ́ irun àgùntàn, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú. Ó tanná. Iná náà fò sókè lára ògiri, ó bá àwọn adìẹ tó ti sùn sórí pákó. Àkùkọ jí, ó kọ, ó rò pé ilẹ̀ ti mọ́.

Clarrie sọ àpótí kalẹ̀ kó lè rí irinṣẹ́ rẹ̀ kó. Ó wọn bí ojú iná ọkọ̀ ṣe ga tó láti ilẹ̀, ó lẹ téèpù mọ́ ògiri níbi tó ga bẹ́ẹ̀, ó wá fi ọkọ̀ rìn sẹ́yìn díẹ̀. Ó da aṣọ bo iná kan, ó ń yí sukúrúù èkejì títí orí ìmọ́lẹ̀ fi bọ́ sísàlẹ̀ téèpù díẹ̀. Ó ṣe èyí tó da aṣọ bò náà bákan náà. Ó gún régé. Ló bá gbé àpótí padà. Ìdí ọkọ̀ wálẹ̀, imú rẹ̀ gbéra, àkùkọ tún kọ.

Avis, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, fẹ́ mọ̀ bóyá ilé ni àpótí yóò máa wà bí ọkọ̀ bá jáde.

Clarrie bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn. Ó rántí pé ẹni tó ń wakọ̀ náà wúwo, ó ní kí Avis wá jókòó sídìí sítíárì. Ó wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀, ó lọ gbé àpò oúnjẹ adìẹ wá, ó gbé e lé itan rẹ̀.

"Kí lèyí?"

"Kó o lè wúwo tó mi ni, Màmá."

Avis ní láti ọjọ́ ìgbéyàwó àwọn, kò tíì sọ ohun tó dùn mọ́ òun tó bẹ́ẹ̀. Ó di àpò náà mú ṣinṣin títí iṣẹ́ fi parí.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n jọ ń lọ kí ọmọ wọn nírọ̀lẹ́. Tẹ́lẹ̀, orí igi ni iná Clarrie máa ń fi hàn án. Bí kangarú bá wà lójú ọ̀nà, bọ́ńpà ló ń kọ́kọ́ mọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó rí ọ̀kan lọ́ọ̀ọ́kán, ó tẹ bíréèkì jẹ́jẹ́. Kangarú náà wò wọ́n, ó họ ikùn, ó fò lọ.

"O rí i bí ojú mi ṣe mú tó?" ni Clarrie bi í.

Avis panu mọ́. Kò rọrùn fún un rárá.